Orúnkún Òsì Darcy Wasylyk

Bí ẹ bá dé Kesselby, ìlú wa, tí ẹ sì fẹ́ kí àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn àgbàlagbà, ẹ kàn wọ ilé oúnjẹ tó wà létí pápá yìnyín, kí ẹ bèèrè bóyá lóòótọ́ ni Darcy Wasylyk gbá họ́kì orí yìnyín nínú líìgì ńlá. Èmi Doreen ni mo ń ta ọbẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ló ń ṣojú mi. Lorne, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi, ló máa ń kọ́kọ́ fèsì.

"Líìgì ńlá wo? Orí àga ló jókòó sí láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Bó bá jẹ́ pé ìjókòó ni họ́kì, ìyá ìyàwó mi ì bá ti gba ife-ẹ̀yẹ."

Wọn á bú sẹ́rìn-ín. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni Darcy, ọwọ́ mi ló sì dàgbà sí lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Mo ti fi ṣíbí ọbẹ̀ lé Lorne jáde rí, mo sì tún lè lé e. Darcy fúnra rẹ̀ wà nítòsí, òun ló ń wa ẹ̀rọ tó ń mú kí yìnyín pápá wa máa dán. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́. Ẹ̀rín músẹ́ ló máa ń rín. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kò dùn ún.

Orest ẹ̀gbọ́n mi, bàbá Darcy, àgbẹ̀ àlìkámà ni, kì í sì í sọ̀rọ̀. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta nídìí oúnjẹ, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni "iyọ̀". Ṣùgbọ́n nígbà òtútù kọ̀ọ̀kan, bí ilẹ̀ bá ti le, á fa rọ́bà omi lọ sẹ́yìn ilé, á máa da omi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dì gbagidi. Orí yìnyín ẹ̀yìnkùlé yẹn ni Darcy ti kọ́ ohun tó mọ̀. Bàbá rẹ̀ á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ nínú àpò, ohun kan ṣoṣo ni yóò sì máa pariwo.

"Orúnkún òsì! Tẹ̀ ẹ́!"

"Bàbá, mo ń tẹ̀ ẹ́ nísinsìnyí!"

"Ojú mi ò fọ́."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí ọmọ náà bá ń ṣẹ́ kọ́nà sápá ọ̀tún, ẹ ó fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá di apá òsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á nà gbọnrangandan, eré rẹ̀ á sì kú. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ yin ọmọ yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní pa yín." Ó ní, "Tó bá tẹ̀ ẹ́, màá yìn ín." Orí kunkun rẹ̀ bí mi nínú débi pé mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Darcy nígbà tó kúrò nílé, tó lọ ń gbé lọ́dọ̀ ìdílé kan ní ìlú míì, bí àwọn ọmọ wa tó ń gbá họ́kì ṣe máa ń ṣe. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá yan àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́, kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Líìgì kékeré ló gbà á, ibẹ̀ ló sì ti lo ìgbà èwe rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, láti ìlú kan dé òmíràn. Ẹ̀yìn ló ń gbá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi ara rẹ̀ dí pọ́ọ̀kì, rọ́bà dúdú líle tí wọ́n ń gbá náà, kó má baà wọlé, bí ẹnikẹ́ni bá sì fọwọ́ kan àwọn àyànfẹ́ ẹgbẹ́, kó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sọnù kó lọ bá onítọ̀hún jà. Eyín iwájú lọ. Àwọn ìka rẹ̀ wọ́ débi pé bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì di ogun fún un.

Ọdọọdún ni ẹgbẹ́ ńlá ń pè é wá dánra wò, ọdọọdún ni wọ́n sì ń dá a padà. Bó bá pè mí lórí fóònù, màá ní, "Fara balẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba."

"Àǹtí, akólòlò yìí ti ń hewú o."

Kì í ṣe òkìkí ló ń wá. Ó sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kan: "Eré kan ṣoṣo, Àǹtí. Kí bàbá mi jókòó síbẹ̀, kí wọ́n rí mi lórí yìnyín wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n máa mú bàtà yìnyín mi lọ."

Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kí ìpè náà tó dé, ní oṣù kejì ọdún. Ẹgbẹ́ ńlá ń lọ gbá ní ìlú Calgary, àìsàn sì ti dá àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn fún wọn dùbúlẹ̀. Gbogbo Kesselby dìde. Wọ́n gba bọ́ọ̀sì kan, Lorne sì ya orúkọ Darcy sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé rẹ̀. Orest kọ̀, kò bá wọn lọ.

"Bọ́ọ̀sì á dúró jẹun," ló wí.

Bó ṣe di pé èmi àti òun wọ ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ nìyẹn, nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́, tí yìnyín ń fẹ́ gba iwájú wa kọjá. Ní ilé epo kan lọ́nà, òórùn ọbẹ̀ gbígbóná kàn mí nímú.

"Ẹ̀gbọ́n, èèyàn máa ń jẹun o."

"Búrẹ́dì wà lábẹ́ àga."

"Búrẹ́dì ti dì bí òkúta!"

"Fi í sábíyá."

Mo bú u títí a fi wọ Calgary. Nígbà tí a dé inú gbọ̀ngàn, ẹ̀rọ ṣì ń da omi sórí yìnyín, àwọn àga sì ṣófo. Darcy ò mọ̀ pé a ti dé. Ó ti ránṣẹ́ sílé pé ọ̀nà ò dára, kí a má sáré, bí a bá ṣáà ti dé kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Àwa oníhọ́kì ní àṣà kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹnìkan bá máa gbá nínú líìgì ńlá, òun ni wọ́n máa tì síwájú nígbà tí wọ́n bá ń jáde lọ nara. Yóò rò pé wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn òun, wọ́n á sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Òun nìkan ni yóò máa sáré yí pápá po bí ọ̀dẹ̀, títí yóò fi bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń fi àwọn ọmọ ọdún méjìdínlógún ṣe ni. Darcy ti sọ fún mi rí pé, "Èmi? Tí mo bá débẹ̀, ta ló máa rántí ìyẹn? Wọ́n á rò pé kóòṣì ni mí."

Ẹnu ọ̀nà ṣí, ó sì jáde. Wọ́n ti gba akoto lórí rẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, a rí ewú, a rí ibi tí irun ti ń pá. Ó tẹrí mọ́lẹ̀, ó sáré kọjá lẹ́yìn ilé góòlù, kó tó wá bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan. Gbogbo ẹgbẹ́ náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nínú wọn. Ọ̀pá ni wọ́n ń fi lu pákó ẹ̀gbẹ́ pápá, gbà, gbà, gbà, bí àwa oníhọ́kì ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún ara wa.

Darcy gbọ́wọ́ sókè díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀ wọ́n. Ó tún sọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré gidi, ó yí pápá náà po lẹ́ẹ̀kan, apá òsì ló sì ń ṣẹ́ sí ní gbogbo kọ́nà. Mo sunkún, mi ò fi pa mọ́. Nígbà tí mo wo ẹ̀gbọ́n mi, ó ti ṣí fìlà, ó dì í mọ́ àyà. Lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù ya wọlé, orí yìnyín kún, kò sí bí a ṣe lè dá ẹsẹ̀ ẹnì kankan mọ̀ mọ́.

Orin orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń kọ nígbà tí àwọn ará Kesselby wọlé, tí gbogbo wọn ń rùn fún àlùbọ́sà díndín. Ohun tí wọ́n rí náà ni Lorne ń sọ títí dòní. Eré náà le, àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ò gbà fún ara wọn, kóòṣì sì rọ̀ mọ́ àwọn tó ti mọ̀. Lorne pariwo "Ẹ gbé e wọlé!" títí ohùn rẹ̀ fi há. Eré parí, Darcy ò kúrò lórí àga. Bẹ́ẹ̀, nínú òfin wọn, ẹni tí kò fẹsẹ̀ kan yìnyín nígbà tí eré ń lọ, kò gbá nìyẹn. Wọ́n dá a padà sí líìgì kékeré, kò sì rí ìpè mìíràn mọ́. Nígbà ẹ̀rùn, ó gbé bàtà rẹ̀ wálé.

Ṣùgbọ́n ìròyìn ò tó àfojúbà. Lẹ́yìn eré náà, èmi àti Orest dúró dè é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó jáde nínú kóòtù, irun rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ ò ṣeé wò.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ wa ọkọ̀ nínú yìnyín láti ìlú wa, ẹ ò sì rí nǹkan kan."

Orest ń yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé kí ọkùnrin yìí ṣáà la ẹnu rẹ̀ lónìí.

"O tẹ orúnkún òsì," ó wí.

Ẹni tó bá wọlé nígbà orin orílẹ̀-èdè ò lè rí orúnkún Darcy lọ́jọ́ náà, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé orí lé èjìká bàbá rẹ̀, ó bú sẹ́kún, tòun ti imú tí wọ́n ti fẹ̀ṣẹ́ ṣẹ́ láìmọye ìgbà. Orest ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn bí ẹni tó ń rẹ ọmọ màlúù lẹ́kún.

"O tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ọmọ mi," ó wí. "Ó dára gan-an."