Sìgá Oníbátìrì Nínú Àwo Ike

Ọmọ mi obìnrin ló fi sìgá oníbátìrì ránṣẹ́ sí mi láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹnìkan tó ń bọ̀ nílé ló bá mi gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòsì, níbi tí mo ti ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé. Inú páálí kékeré kan ló wà, bíi páálí bírò olówó ńlá. Nígbà tí mo ṣí i, mo rí ọ̀pá funfun kan tó gùn bí ìka, ṣájà rẹ̀, àti ìgò kéékèèké méjì tí omi wà nínú wọn. Béèyàn bá fẹnu fà á, iná pupa á tàn ní ṣóńṣó rẹ̀, ooru funfun á sì jáde lẹ́nu. Kò ní eérú, kò gba ìṣáná.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, èyí ni kí ẹ máa lò," ló wí fún mi lórí fóònù. "Ẹ fi ti Daddy yẹn sílẹ̀. Àyà yín ni mò ń rò."

Sìgá gidi ló pè ní ti Daddy. Ọkọ mi, awakọ̀ tírélà ni nígbà ayé rẹ̀. Tòmátì àti ata ló ń kó láti Òkè Ọya wá sí ọjà Mile 12, sìgá ni kì í sì í jẹ́ kó sùn lójú ọ̀nà. Tó bá délé, tó wẹ̀, tó jẹun, àwa méjèèjì á jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́yìnkùlé. Á ṣáná sí ẹyọ kan, á fà á, á nà án sí mi. Ẹyọ kan yẹn náà la jọ máa ń mu títí á fi tán. Kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tó bá rí lọ́nà, ìgbà tí a bá ń mu sìgá yẹn ló máa ń sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀: afárá tó já, ọkọ̀ tó dojú dé, obìnrin kan tó fún un lómi mu tí kò gbowó. Tí mo bá rántí gbogbo ọ̀rọ̀ tí èmi àti ọkọ mi jọ sọ, orí bẹ́ǹṣì yẹn ni mo ti ń gbọ́ ọ.

Àìsàn ló pa á, kì í ṣe ọ̀nà. Lẹ́yìn tí a sin ín, mi ò fọwọ́ kan sìgá fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní Kétu, lọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ mí, torí obìnrin tó bá ń mu sìgá ládùúgbò wa, gbogbo èèyàn ló mọ orúkọ tí wọ́n máa ń pè é. Tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé nírọ̀lẹ́, màá ti ilẹ̀kùn iwájú, màá lọ jókòó lẹ́yìnkùlé, màá ṣáná. Kì í ṣe pé ó ń wù mí mu tó bẹ́ẹ̀. Òórùn rẹ̀ ni mo fẹ́. Tí mo bá di ojú, á dà bíi pé ẹnìkan jókòó tì mí.

Nítorí òórùn yẹn kan náà ni mi ò ṣe fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé mi. Táwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa bá ní àwọn fẹ́ wá kí mi, màá ní iṣẹ́ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ Sunday, ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń jókòó, lẹ́bàá fèrèsé, mo sì ti máa ń wà lẹ́nu géètì kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán. Nígbà tó pẹ́, wọn ò sọ pé àwọn ń bọ̀ mọ́.

Sìgá oníbátìrì yìí kò ní òórùn kankan. Ó kàn ń dùn lẹ́nu díẹ̀, bíi suwíìtì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mu ún lẹ́yìnkùlé, mo di ojú, mo dúró. Kò sẹ́nì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí fún ọmọ mi, mo bá tẹra mọ́ ọn.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ọmọ mi yìí bímọ, ó ní kí n wá bá òun tọ́jú ọmọ. Nígbà tí físà jáde, orí fóònù ló ti kọ́ mi bí mo ṣe máa gbé sìgá náà kọjá.

"Ẹ má kó o sínú àpótí ńlá o, Mummy. Bátìrì wà nínú ẹ̀. Inú báàgì ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ fi sí. Àwọn ìgò yẹn, ẹ kó wọn sínú láílọ́ọ̀nù tí wọ́n á máa rí inú ẹ̀, kẹ́ ẹ yọ ọ́ síta fún wọn. Ẹ má sì fà á nínú bàálù o, wọ́n á mú yín."

"Tí wọ́n bá wá bi mí pé kí ni ńkọ́?"

"Ẹ sọ fún wọn pé sìgá oníbátìrì ni."

Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ó rọrùn. Ì bá tiẹ̀ rọrùn díẹ̀ ká ní èmi nìkan ni mò ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí pásítọ̀ wa gbọ́ ọjọ́ tí mò ń lọ, inú ẹ̀ dùn. Ìyá Ìjọ wa náà ń lọ kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní Lọ́ńdọ̀nù, bàálù kan náà ni. Màmá yìí ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún. Àpò àpò ló ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12, gbogbo ọjà ló mọ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọ bàálù rí.

"Ẹ̀yin lẹ máa mú Màmá dání," pásítọ̀ wí fún mi. Mo ní kò burú, sà.

Táksí kan náà la wọ̀ láti Kétu lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Màmá ń sọ̀rọ̀ èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ tó kó sínú ẹrù rẹ̀, pé ṣé wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ òun. Mò ń dáhùn pé wọn ò ní gbà á, mà. Báàgì mi wà lórí itan mi, mo fọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ohun tí mo ti gbèrò ni pé tá a bá dé ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò, màá jẹ́ kí Màmá kọjá lọ, tó bá ti jìnnà díẹ̀ ni èmi á wá gbé tèmi kalẹ̀.

"Màmá, ẹ máa lọ níwájú," ni mo wí nígbà tó kàn wá.

"Rárá o. Ìwọ ni kó o lọ, kí n wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bọ́ bàtà mi, tí mo gbé báàgì mi àti láílọ́ọ̀nù yẹn sínú àwo ike, tí ẹ̀rọ gbé e wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ ló dá a dúró. Ó tú báàgì náà, ó yọ ọ̀pá funfun yẹn jáde, ó gbé e sókè.

"Mummy, kí lèyí?"

"Ọmọ mi ló fi ránṣẹ́ sí mi."

"Mo gbọ́, Mummy. Kí ni wọ́n ń fi ṣe?"

Mo mọ ohun tí ọmọ mi ní kí n sọ. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ bí Ìyá Ìjọ ṣe ń mí lẹ́yìn mi.

Ọmọkùnrin náà yí padà. "Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan o!"

Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin wá. Ó yẹ ọ̀pá náà wò, ó gbé ìgò kan sókè síná, ó mì ín. "Bátìrì, àti omi," ló wí. "Madam, ẹ tàn án ká rí i."

"Kò ní ibi tí wọ́n ti ń tàn án, mà. Ẹnu ni wọ́n fi ń fà á."

"Ẹ fà á nígbà yẹn."

Mo fi í sẹ́nu. Mo fà á, iná pupa tàn, ooru funfun jáde nímú àti lẹ́nu mi níwájú gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn.

"Háà! Mummy ń mu sìgá!" ọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn, àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Mo tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ mi tí kò ní bàtà. Ibi tí mo dúró sí yẹn, bó ṣe rí lára mi lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọkọ mi jáde nílé ló rí: èrò pọ̀, kò sì sẹ́ni tèmi nínú wọn.

Ìgbà yẹn ni mo mọ ọwọ́ Ìyá Ìjọ léjìká mi.

"Ọmọ mi, sìgá ni," ló wí fún ọ̀gá yẹn, pẹ̀lú ohùn tó fi ń pe oníbàárà lọ́jà. "Ọkọ ẹ̀ ló kọ́ ọ. Ọkọ ẹ̀ ti kú. Ẹ fún un ní nǹkan ẹ̀, kó wọ bàtà ẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀gá náà ṣí ìgò yẹn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dé e padà. "Ẹ má fà á nínú bàálù o, Mummy," ló wí, jẹ́jẹ́. Ó bá mi kó gbogbo rẹ̀ padà sínú báàgì.

A lọ jókòó níbi tí wọ́n ti ń dúró de bàálù. Mi ò lè wo ojú Màmá.

"Ta ló sọ fún yín, mà?" ni mo bi í.

"Ta ló máa sọ fún mi? Ó pẹ́ tí òórùn ẹ̀ ti ń bá ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, òórùn tó wà lára ọkọ ẹ náà ni. Gbogbo wa la mọ̀."

"Gbogbo yín? Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò bá mi sọ ọ́? Tẹ́ ẹ ò wá sílé mi mọ́?"

Ó wò mí. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

"A rò pé o fẹ́ dá wà ni."

Mo fẹ́ sọ fún un nípa bẹ́ǹṣì yẹn, nípa afárá tó já àti obìnrin tó fún ọkọ mi lómi. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pè wá, ìjókòó wa nínú bàálù sì jìnnà síra. Iwájú lọ́hùn-ún ni tirẹ̀ wà. Nígbà tí a dé Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ rẹ̀ fà á gba ọ̀nà kan, ọkọ ọmọ mi fà mí gba òmíràn. A ò tún rí ara wa níbẹ̀.

Ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ máa ń tètè jáde lọ síṣẹ́. Èmi àti ọmọ jòjòló la máa ń wà nílé. Tó bá sùn, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn nínú òtútù, màá fà á díẹ̀. Gbogbo ilé tó wà níbẹ̀ ló tilẹ̀kùn. Nígbà tí mo fẹ́ padà, láti ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ti ń kọ́ bí màá ṣe fi òyìnbó sọ ohun tí mo gbé dání. Ọmọdébìnrin tó ń yẹ ẹrù wò níbẹ̀ rí i nínú àwo ike, ó tì í kọjá. Kò bi mí ní nǹkan kan. Mo gbé báàgì mi, mo sì gbé ìdáhùn tí mo ti kọ́ sórí lọ láìsọ ọ́.

Nígbà tí mo dé Ìkòsì, mo kúrò lẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo bọ́ sáàárín. Àwọn obìnrin ń kí mi dáadáa. Mo sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé kó yà nílé mi, ó lóun á yà. Òjò ọdún yẹn pọ̀, ọ̀nà wa kún fómi, kò rí i yà. Nígbà tí mo tún rán an létí, ó ní "Ẹ má bínú, Mummy," mo sì rí i pé ó ti mọ́ wọn lára láti máa kí mi kí wọ́n máa kọjá. NEPA gbé iná tó lágbára jù wá lọ́jọ́ kan, ṣájà jó. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Kétu tú u, ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí. Mi ò padà sí ti Daddy. Mi ò lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ìyá Ìjọ ò padà wálé. Ọmọ rẹ̀ ní kó máa gbé lọ́dọ̀ òun, ẹlòmíràn ló sì ń ta àlùbọ́sà rẹ̀ báyìí. Ó máa ń pè mí nígbà mìíràn.

"Ilẹ̀ máa ń tètè ṣú níbí," ló máa ń wí. "Kò sẹ́ni tó ń kí èèyàn. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo ti jẹun."

Lẹ́yìn ìyẹn, màá máa gbọ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òun náà á máa gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé ó dàbọ̀. A máa ń dúró bẹ́ẹ̀ títí káàdì rẹ̀ á fi tán.