Ọwọ́ Mahjouba Mọ̀, Ẹnu Rẹ̀ Kò Sọ

Ohun yòówù tẹ́ ẹ bá ń ṣe, ẹ fi sílẹ̀ ná kẹ́ ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ Mahjouba, ìyá tó ń ha ara fún àwọn obìnrin nílé ìwẹ̀ gbígbóná kan nílùú Sefrou. Ọdún méjìlélógún ló ti ń ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń mọ ẹni tó lóyún kí ọkọ ẹni náà tó mọ̀! Ṣùgbọ́n òfin kan ń bẹ níbẹ̀: ohun tọ́wọ́ bá bá pàdé lára, ẹnu ò gbọdọ̀ gbé e jáde. Ilé ìwẹ̀ làwọn ìyá ti ń wo ìyàwó fọ́mọ wọn. Bí àlébù kan ṣoṣo bá ta sí wọn létí, ìgbéyàwó tú nìyẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń ha ara fún Tamou, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bó ṣe ń gba abẹ́ apá kọjá, ọwọ́ rẹ̀ kan kókó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmú òsì. Kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ó le, kò yẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Kí ló dé?" Tamou bi í. "Àbí ìdọ̀tí mi ti ju agbára ẹ lọ?"

"Ìdọ̀tí tìẹ, ṣọ́bìrì la fi ń kó o," Mahjouba fèsì, ó da omi lé e lórí, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ó gbé ọ̀rọ̀ mì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ Ghizlane, ọmọ Tamou ni, ìyá ọkọ rẹ̀ sì jókòó nínú yàrá yẹn gan-an, ó ń fọ irun. Bó bá gbọ́ pé "àrùn yẹn" wà nínú ìdílé, ó parí. Mahjouba sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé kí ìgbéyàwó kọjá ná. Ó lè lọ bá Tamou nílé, kó sọ ọ́ fún un lábẹ́lẹ̀. Kò lọ.

Oṣù mẹ́rin gbáko. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lọwọ́ rẹ̀ ń yà bàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmú yẹn bí ẹni tó rí ejò lọ́nà. Lẹ́yìn ìgbéyàwó ló tó tún fọwọ́ kàn án: ó ti tó èso ólífì.

"Tamou, kókó kan wà lọ́mú ẹ. Jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn àdúgbò lọ́la. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò fún ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún."

Tamou fọwọ́ ara rẹ̀ wá a, ó bá a. "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Irọ́ tó rọrùn ti wà lẹ́nu Mahjouba: òní. Kò lè pa á. "Kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ìgbéyàwó ọmọ ẹ..."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ọmọ mi fẹ́ ọkọ ju ìyá lọ?"

Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n gé ọmú náà. Dókítà ní ká ní wọ́n tètè wá ni, bóyá kókó nìkan làwọn ì bá yọ. Pé ẹni tó bá ń wá déédéé, ẹ̀rọ àwọn lè rí èyí tọ́wọ́ ò tíì lè bá. Tamou wà láàyè, a dúpẹ́. Ó ṣì ń wá sílé ìwẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ó sì ń kí Mahjouba, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló ń ha á lára.

Ní báyìí, Mahjouba kì í fọwọ́ kan ẹni tó ti lé lógójì láìbéèrè: "O ti lọ yẹ ọmú wò?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìwẹ̀ ni mo wá wẹ̀, n ò wá jẹ́jọ́," ẹnì kan fèsì.

"Lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yìn ẹ tí mo fẹ́ ha ò ní sá lọ."

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ lọ sílé ìwẹ̀ náà ní Ọjọ́bọ̀ kan, kẹ́ ẹ mú èsì àyẹ̀wò tiyín dání. Ẹ wá fojú ara yín wo bí Mahjouba ṣe máa ń gbójú sókè nígbàkigbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, bóyá Tamou ni, bóyá òní ló máa padà wá jókòó síwájú òun.