Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Japhet Ń Wá fún Dárasími

Ọjọ́ Sátidé ni Fẹ́yìsayọ̀ máa ń sinmi, ṣùgbọ́n ní gbogbo àsìkò òjò ọdún yẹn, orí ọ̀kadà ni Sátidé máa ń bá a, tí ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn láti wo ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ tirẹ̀ kankan kò ní lọ. Àbúrò rẹ̀, Japhet, ló rán an. Japhet ń gbé ní ìlú Doha, ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Àwọn ẹ̀rọ amúlétutù inú ilé ìtajà ńláńlá ló ń bójú tó níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ Dọlápọ̀ sì jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Dárasími, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà ń lọ tẹ́lẹ̀ ti kógbá wọlé, ó wá di ẹni tó ń jókòó sílé tó ń wo fóònù ìyá rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Japhet ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ibẹ̀, nítorí náà ilé-ẹ̀kọ́ intanáṣọ́nà ni àwọn àjèjì ń wá kiri. Èyí tó jẹ́ ti àwọn òyìnbó kọjá agbára àwọn. Èyí tó jẹ́ ti àwọn ará Íńdíà, ó ti kún dẹ́nu. Òun àti ìyàwó òun ti wá pinnu pé kí ọmọ wálé, kí ó máa gbé lọ́dọ̀ Fẹ́yìsayọ̀ ní Ọ̀sí títí tí nǹkan yóò fi ṣẹnuure. Kí ẹ̀gbọ́n ṣáà bá àwọn wá ilé-ẹ̀kọ́ intanáṣọ́nà tó dára ní agbègbè wọn.

Inú Fẹ́yìsayọ̀ dùn sí ọmọ tó ń bọ̀. Olùkọ́ ni òun náà, ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba, ilé-ẹ̀kọ́ kan náà tí Japhet ti mọ̀wé kà. Nígbà tí bàbá wọn kú, owó oṣù Fẹ́yìsayọ̀ ni wọ́n fi rán Japhet lọ sí Pólì. Kì í sọ ọ́ síta, nítorí ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Nítorí náà, ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu kò le rárá.

“Ṣebí mo wà níbí, Japhet? Jẹ́ kí ó máa bá mi lọ láàárọ̀. Kíláàsì mi gan-an ni yóò bọ́ sí.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kọ́ ni mo ní lọ́kàn.”

“Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ lo ti kàwé ni?”

“Ìgbà yẹn nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ayé ti yí.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun, ṣùgbọ́n kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó mọ̀ pé òrùlé kíláàsì òun ń jò, pé àwọn ọmọ ń fún ara wọn pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan, pé ṣọ́ọ̀kì gan-an, òun ló ń fi owó ara rẹ̀ rà á. Ohun tó bí i nínú ni pé Japhet kò béèrè bóyá òun mọ iṣẹ́ òun.

Ó bá ní kí Hassan, ọlọ́kadà tó ń gbé e lọ síbi gbogbo, wá gbé òun. Ìlọ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kọ “International” gàdàgbà sí ara ògiri, wọ́n sì ya àsíá orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi yí i ká. Fẹ́yìsayọ̀ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ibẹ̀ pé kí ló mú un jẹ́ intanáṣọ́nà. Ọ̀gá náà ronú, ó ní àwọn ọmọ àwọn máa ń wọ táì, àwọn kì í sì í gbà kí wọ́n sọ Yorùbá. Fẹ́yìsayọ̀ dúpẹ́, ó sì kúrò níbẹ̀.

Èyí tó rí ní Obbo-Aiyegunle ló wù ú. Opó kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ ló dá a sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó wá fún ẹ̀kọ́ Sátidé níbẹ̀ ń kàwé geere, wọ́n sì ń béèrè ìbéèrè láìsí pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Doha tayọ̀tayọ̀. Kí Hassan tó gbé e dé ìdajì ọ̀nà, èsì ti dé: páànù òrùlé ibẹ̀ ti dípẹtà, Dọlápọ̀ ò fẹ́ ẹ. Fẹ́yìsayọ̀ ní kí Hassan dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ó pe Japhet padà, ó sì bi í bóyá páànù ni yóò kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Japhet rẹ́rìn-ín, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun ṣáà fara balẹ̀ wá òmíràn.

Òmíràn náà, Japhet fúnra rẹ̀ ló rí i, lórí Fesibúùkù. Ó wà lọ́nà Ararọ̀mí-Ọ̀pin, ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń tàn, bọ́ọ̀sì pupa rẹ̀ wà lẹ́nu géètì. Nínú fídíò wọn, àwọn ọmọ jókòó ti kọ̀ǹpútà lọ jàra. Nígbà tí Fẹ́yìsayọ̀ débẹ̀, yàrá kọ̀ǹpútà wà ní títì. Ọ̀gbẹ́ni Lazarus, ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà, ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti rìnrìn-àjò. Àwọn ọmọ tó wá gba ẹ̀kọ́ Sátidé wà ní kíláàsì, ni Fẹ́yìsayọ̀ bá tọrọ àyè kí ọmọ kan kàwé fún òun. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ka ojú ìwé kan láìṣì, ṣùgbọ́n ojú fèrèsé ló ń wò. Fẹ́yìsayọ̀ ní kí ó ka ojú ìwé tó tẹ̀ lé e. Ọmọ náà kò lè kà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka nu etí ìwé.

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Japhet, kò fi ọ̀kan pamọ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Japhet wí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ojú tíṣà ìjọba wo gbogbo nǹkan. Ibẹ̀ ni a fẹ́.”

Fẹ́yìsayọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Ìgbà tí ó sọ ọ́ fún Ebenezer, ọkọ rẹ̀, onítọ̀hún ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀, ṣebí àwọn ló lọmọ. Japhet fi owó ránṣẹ́, Fẹ́yìsayọ̀ lọ san án. Wọ́n rán yunifọ́ọ̀mù ní ìwọ̀n tí Dọlápọ̀ fi ránṣẹ́. Ebenezer kun yàrá ẹ̀yìn ní ọ̀dà funfun, ó kan nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí fèrèsé, ó sì ní kí káfíńtà ṣe bẹ́ẹ̀dì kékeré. Ọ̀sẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò wọlé ń sún mọ́lé, ṣùgbọ́n bí Fẹ́yìsayọ̀ bá ti béèrè ọjọ́ tí ọmọ yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú, Japhet a ní òun ń ṣe ìwé rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni ọ̀rọ̀ náà tú síta. Wọ́n ti gba ọrẹ tán ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ìyá wọn, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn, dìde láti ṣe ìdúpẹ́. Ó ní kí ìjọ bá òun yin Ọlọ́run, nítorí pé ọmọ-ọmọ òun ti rí àyè ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ará Íńdíà ní Doha, kò sì ní kúrò lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá rẹ̀ mọ́. Ìjọ ṣe àmín. Àwọn tó mọ̀ pé Fẹ́yìsayọ̀ ti ń pèsè yàrá fún ọmọ náà yíjú sí i. Ó rọra ń ṣí ojú ìwé orin, bí ẹni tó ń wá orin tó kàn.

Níta ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu ya ìyá rẹ̀ pé kò tíì gbọ́. “Mo rò pé ìwọ ni wọ́n kọ́kọ́ pè.”

“Wọn ò pè mí, ìyá mi.”

Ó pe Japhet láti abẹ́ igi máńgòrò tó wà níbẹ̀. Japhet bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ni orúkọ ọmọ ti wà lọ́dọ̀ àwọn ará Íńdíà, pé àwọn ń retí bóyá àyè yóò ṣí, ṣùgbọ́n àwọn kò fẹ́ fi gbogbo ẹyin sínú apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó ní ìtìjú ni kò jẹ́ kí òun tètè sọ.

“Tèmi wá ńkọ́?” ni Fẹ́yìsayọ̀ bi í. “Gbogbo Sátidé tí mo fi wà lójú ọ̀nà, tí òjò ń pa mí, o mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó má wúlò, o sì dákẹ́. O ní kí n má fi ojú tíṣà ìjọba wò ó. Ojú wo ni ìwọ fi wò mí?”

Japhet bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀bẹ̀ tó tutù lẹ́nu rẹ̀, ó béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n òun lè bá àwọn gba owó tí wọ́n san padà. Fẹ́yìsayọ̀ gé fóònù.

Síbẹ̀, ó lọ. Ó sọ fún Ebenezer pé kì í ṣe nítorí Japhet, pé yunifọ́ọ̀mù ni òun fẹ́ dá padà. Ọ̀gbẹ́ni Lazarus gba yunifọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ó ní owó tó bá ti wọlé kì í jáde. Bí Fẹ́yìsayọ̀ ṣe ń dìde, ọkùnrin náà ní òun ò gbàgbé bó ṣe dán ọmọ yẹn wò. Bí ó bá fẹ́, kí ó wá bá àwọn ṣiṣẹ́, àwọn nílò ẹni tó mọ iṣẹ́. Fẹ́yìsayọ̀ wò ó títí, kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún. Ó dúpẹ́, ó sì jáde.

Ọjọ́ púpọ̀ ni kò fi gbé ìpè Japhet. Dọlápọ̀ ló pè é nígbẹ̀yìn. Ó ní Japhet sọ fún òun tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n ti gbọ́ pé ọmọ rí àyè, òun sì ń tọrọ àforíjì lórí ìkúnlẹ̀. Ó gbé fóònù fún Dárasími, ọmọ náà sì ń sọ nípa ọ̀rẹ́ tuntun tó ní, ará Íńdíà kan tó ń kọ́ ọ ní orin. Fẹ́yìsayọ̀ súre fún un gan-an, nítorí ọmọ kò ṣẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Dọlápọ̀ gba fóònù padà, ohùn Fẹ́yìsayọ̀ yí.

“Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ, ìyàwó wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún ń wá ilé-ẹ̀kọ́ nílé, kí Japhet wọkọ̀ wá wò ó fúnra rẹ̀.”

Dọlápọ̀ ní ó dáa, ẹ̀gbọ́n. Fẹ́yìsayọ̀ gbé fóònù sílẹ̀, inú rẹ̀ kò sì tíì rọ̀.