Ọmọ Tí N Kò Gbọdọ̀ Gbé

Ọkọ̀ ojú omi tí mo bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí kì í la agbami lọ sí ìlú òyìnbó. Etí òkun ló máa ń tọ̀, láti Kàlàbá wá sí Èkó, láti Èkó dé Àbíjàn, títí lọ dé Dàkáà, kó tó tún yí padà. Àwọn ará ilé wa ní Ìlọrin kò mọ ìyàtọ̀. Lójú tiwọn, òpin ayé ni mò ń lọ. Òpin ayé ì bá tilẹ̀ sàn. Ilẹ̀ ni mò ń wò lójoojúmọ́ láti orí ọkọ̀, igi àgbọn, èéfín iná ọbẹ̀ àwọn ẹlòmíì, tí n kò sì lè fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ìyẹn máa ń dá mi lágara ju ìjì lọ.

Ní èbúté Àbíjàn, obìnrin oníṣòwò kan tó jẹ́ ará ìlú wa ló sọ fún mi pé ìyàwó mi ti bí ọkùnrin. Àkọ́bí mi! Mo ṣe àmín sí àdúà rẹ̀, mo padà sínú ọkọ̀, n kò sì rí ẹni tí yóò bá mi yọ̀ dáadáa. Ará Gánà ni ẹni tí a jọ ń sùn nínú yàrá. Ó kí mi kú oríire lẹ́ẹ̀kan, ó kọjú sí ògiri. Oṣù ń gorí oṣù, ọkọ̀ ń dé Èkó, ọkọ̀ ń kúrò, wọn ò fún mi láyè àtilọ sílé. Ọmọ ti ń rá kòrò nígbà tí a bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń dúró àtijá ẹrù ní Àpápá, tí àwa náà ní láti dúró. Ọ̀gá ọkọ̀ wá ní kí n sáré dé ilé. Ó ní bí wọ́n bá já ẹrù tán, òun ò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Orí ìdúró ni mo wà nínú ọkọ̀ ojú irin títí a fi kọjá Ìbàdàn. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń rò: kí n gbé ọmọ náà. Mo mọ̀ pé kò ní rọrùn. Ní agbo ilé tiwa, tí ẹ̀jẹ̀ Fúlàní pọ̀ nínú rẹ̀, bàbá kì í gbé àkọ́bí rẹ̀ lójú àgbà. Kì í pè é lórúkọ, kì í bá a ṣeré. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kò nítìjú. Bí bàbá tó bí èmi náà bá gbé mi rí kó tó kú, a jẹ́ pé ojú oorun ni mo wà.

Mo bá ilé kún. Ní Ìlọrin, ìròyìn a máa ṣáájú ẹni tó ni ín délé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ilé wa tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn àgbà yí i ká. Ìyá mi dúró lẹ́yìn wọn, ó pọn ọmọ. Orí ọmọ náà ni mo kọ́kọ́ rí. Mo yáa wo ilẹ̀.

Bàbá bi mí pé, "Ṣé ẹ máa ń ríbi kírun lórí omi ọ̀hún?"

"À ń kí i, Bàbá."

"Omi yí yín ká. Báwo lẹ ṣe ń mọ gábàsì tí ẹ ó kọjú sí?"

"Oòrùn là ń wò, Bàbá."

"Máṣáláhù!"

Bí wọ́n ṣe fi òkun gba ọ̀sán lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ẹni tó ń jáde ń pàdé ẹni tó ń wọlé, gbogbo wọn ló fẹ́ mọ̀ bóyá omi òkun níyọ̀. Kò sẹ́ni tó lè dárúkọ ohun tí mo torí ẹ̀ wá. Nígbà tó yá, ìyá mi sọ ọmọ kalẹ̀. Ó rá kòrò gba àárín àwọn àgbà, ó di ṣòkòtò mi mú, ó ń fi í gbìyànjú láti dìde. Gbogbo ojú wà lára mi.

Mo ní, "Ẹ bá mi gbé ọmọ ọlọ́mọ yìí kúrò o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, inú wọ́n dùn sí mi. Wọ́n ní òkun ò ba ìwà mi jẹ́. Obìnrin ilé kan gbé e lọ, èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. N kò dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí lórí omi.

Lẹ́yìn ìrun iṣáì, mo bẹ ìyàwó mi pé kó gbé e wá sí yàrá.

Ó ní, "Ọ̀dọ̀ Ìyá ló ń sùn. Tó bá jí, èmi ni mo máa ń lọ fún un lọ́mú níbẹ̀. Kí ni kí n sọ pé mo fẹ́ fi ṣe?"

Ó wá ń ròyìn ọmọ fún mi nínú òkùnkùn: pé etí mi ló ní, pé ó máa ń bínú sí oúnjẹ gbígbóná. Mò ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ nípa ìlú tí kò dé rí.

Ní òwúrọ̀, wọ́n sìn mí dé ibùdókọ̀ ojú irin, ìyá mi pọn ọmọ. Bàbá ṣàdúà gígùn, a ṣe àmín, ọkọ̀ dé. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn nígbà tí ìyá mi pè mí.

Ó ní, "Bá mi di ẹrù yìí mú. Ọ̀já mi tú."

Ọ̀já rẹ̀ kò tú. Ó sọ ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó kẹ̀yìn sí wa. Mo wo Bàbá. Bàbá wúkọ́, ó kọjú sí ọ̀nà ibi tí ọkọ̀ ti wá.

Ó wí fún afẹ́fẹ́ pé, "Ọ̀já obìnrin kì í tètè dì."

Ọmọ náà wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Ó wò mí lójú, kò mọ̀ mí, ó bú sẹ́kún, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ìyá mi. Fèrè ọkọ̀ dún. Ìyá mi gbọ́ ẹkún, ó gbọ́ fèrè, kò yíjú padà. Ó tú ọ̀já tó ti dì tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dì í.