Ṣúgà Tó Jóná Lọ́jọ́ Ìdánwò Dókítà

Ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ àbúrò mi, torí ara mi ṣì ń yá gágá, mi ò tiẹ̀ lè jókòó sọ ọ́. Dókítà ni gbogbo òtẹ́ẹ̀lì wa ń pè é. Kò kàwé ìṣègùn kankan o, ọtí ló ń pò nídìí káńtà. Àmọ́ bó ṣe máa ń di ojú kan tó bá ń wọn ọtí, tó máa tọ́ ọ wò, tó máa tu ú dànù, ẹ máa rò pé oògùn ọmọ tuntun ló ń pò. Kì í gbé e mì. Imú àti ahọ́n ló fi ń ṣiṣẹ́. Èmi wà ní yàrá ìfọṣọ nísàlẹ̀, èmi àti áyọ́ọ̀nù mi.

Lóṣù tó kọjá, màdámù tó ni òtẹ́ẹ̀lì ní òun fẹ́ ṣí ilé ọtí tuntun sókè pátápátá, òun sì ń wá ọ̀gá tó máa darí ẹ̀. Ìdánwò kan ṣoṣo ló wà. Kí kálukú po wisikí ayé àtijọ́ yẹn, èyí tí wọ́n ń fi ṣúgà díẹ̀, ẹ̀kán méjì láti inú ìgò kékeré olómi kíkorò, yìnyín ńlá kan àti èèpo ọsàn ṣe, àmọ́ kó fi ọgbọ́n tara ẹ̀ kún un. Ọdún mọ́kànlá ni Dókítà ti ń gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ iṣẹ́ tó o. Ó ti sọ fún mi pé bí ipò yìí bá bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, òun máa fi iṣẹ́ ọtí sílẹ̀ títí ayé.

Ohun tó rò ni pé òun máa yan ṣúgà nínú páànù títí á fi pọ́n bí oyin, kóun tó da omi gbígbóná àti èèpo ọsàn sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la ò fi rí páànù dín ẹyin nínú ilé! Lọ́sàn-án ọjọ́ ìdánwò, ó gbé èyí tó máa lò kaná.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mójú tó o, mo fẹ́ lọ wẹ̀. Bó bá ti pọ́n, kẹ́ ẹ gbé e kúrò lórí iná."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni? Lọ wẹ̀ jàre."

Ibi tí mo dúró sí ni mo ti rí i pé kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tó máa wọ̀ ti rún. Èèwọ̀! Kí àbúrò èmi alágbàfọ̀ wọ ṣẹ́ẹ̀tì rírún lọ síwájú màdámù? Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Mo gbé áyọ́ọ̀nù. Mo lọ kọ́là, mo lọ apá méjèèjì, mo tún yí i padà lọ ẹ̀yìn. Ìgbà tí imú mi máa gbọ́ òórùn, èéfín ti gba ilé ìdáná, ṣúgà ti dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Kò sí ṣúgà mọ́ nílé, àkókò sì ti lọ. Mo da omi gbígbóná sí i, mo ju èèpo ọsàn sí i, mo rọ ọ́ sígò, mo fi tówẹ́ẹ̀lì wé e, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Mi ò sọ nǹkan kan. Ojo mú mi, òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Gbogbo àwa ìfọṣọ la gòkè lọ wòran. Ọkùnrin kan tá à ń pè ní Oníbọtáì ló kọ́kọ́ po tiẹ̀. Ó dáná, ó fẹ́ èéfín, a pàtẹ́wọ́ fún un. Màdámù fẹnu kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e sílẹ̀.

Ó kan Dókítà. Ó tú tówẹ́ẹ̀lì, ó ṣí ìgò, ó gbóòórùn ẹ̀. Ó kán an sáhọ́n. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Háà! Ó wù mí kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Ló bá ti ìgò kékeré olómi kíkorò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wọn wisikí, ó rọ díẹ̀ sí i nínú ṣúgà mi tó jóná, ó sọ yìnyín sí i, ó fi ṣíbí gígùn rò ó jẹ́jẹ́, ó wá fún èèpo ọsàn sórí ẹ̀.

"Dókítà, o ti gbàgbé omi kíkorò o," Oníbọtáì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Mi ò gbàgbé. Ìkorò ti wà nínú ẹ̀."

Màdámù tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò. Nígbà tó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kẹta, ó kọjú sí Dókítà. "Ta ló kọ́ ẹ nírú èyí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn ni, mà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ìyá wa kú. Òun ló ń lọ aṣọ aláṣọ, òun náà ló ń dáná fún mi, kò sì sí oúnjẹ tó gbé kaná tí kò jóná. Oúnjẹ jíjóná yẹn ni mo jẹ dàgbà. Mo mọ ibi tí adùn ẹ̀ wà."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Màdámù mu ọtí náà tán, ó ti gíláàsì padà síwájú Dókítà.

"Ọ̀gá ilé ọtí òkè, tún òmíràn pò fún mi."

Mo bú sẹ́kún. Níwájú gbogbo èèyàn ni mo ti ń pariwo pé, "Àbúrò mi ni! Àbúrò mi ni o!"