Dókítà la wá rí, nọ́ọ̀sì ni wọ́n fún wa

Inú bí mi ní ọsibítù láàárọ̀ yìí.

Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, màmá mi kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Oṣù méjì la fi dúró de dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ. A débẹ̀, wọ́n ní nọ́ọ̀sì ló máa rí wa.

Mo ní, "Dókítà la wá rí o."

Nọ́ọ̀sì náà ò bínú. Ó ní, "Wọ́n ti yí òfin padà, àǹtí mi. Àwa nọ́ọ̀sì tá a kọ́ iṣẹ́ yìí náà ti ń gba láísẹ́ǹsì láti dá tọ́jú èèyàn láìsí dókítà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni tèmi jáde."

Ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. "Ìyá, ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tí mo máa dá tọ́jú. Irú èèyàn wo ni bàbá?"

Màmá wò ó títí, wọ́n wá ní, "Wọn kì í fẹ́ iyọ̀ púpọ̀ nínú ọbẹ̀."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nìyẹn, fún odidi wákàtí kan. Èmi ni mo ń sunkún.

Mo bẹ nọ́ọ̀sì náà kó má bínú sí mi. Nínú kẹ̀kẹ́, Màmá sùn lé mi léjìká títí a fi délé ní Tanke.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pàdánù èèyàn yín, irú èèyàn wo ni? Ẹ sọ fún mi níbí, màá kà á.