Ohun Tó Ké Nínú Ìkòkò Ràmọ́tù

Eyín ni ìyàwó mi fi ń já téèpù. Sísọ́ọ̀sì mẹ́ta wà lórí tábìlì rẹ̀, aránṣọ ni, ṣùgbọ́n eyín ló máa ń lò. Ní òwúrọ̀ Jímọ̀ tí a wà pa pọ̀ kẹ́yìn, ó já téèpù kékeré kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ bátìrì mi, ó fi báírò kọ 4.20 sí i. Ó ní, "Tíṣà, ó ti yó o. Ẹ má fọwọ́ kàn án títí di ọ̀la."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ó pẹ́ kí n tó lè kọ ọ́.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Moshie Zongo ní Kumasi ni wọ́n bí mi sí, Ìlọrin ni bàbá bàbá mi ti wá. Físíìsì ni mo kọ́ àwọn ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo Sátidé, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń fi mọ́tò kékeré onírìmóòtù sáré lórí pápá kan ní Tafo. Àgbà ọkùnrin! Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú.

Bátìrì lítíọ̀mù ni mọ́tò wọ̀nyí ń lò, kì í ṣe èyí tí a kàn ń kì bọ iná. Sẹ́ẹ̀lì méjì ló wà nínú tèmi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ kọjá fóòtì 4.20, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Tí ẹ kò bá ní lò ó, ẹ ó fi ṣájà rọ̀ ọ́ wálẹ̀ sí 3.80. Tó bá kún jù, ó lè gbiná. Tó bá gbẹ jù, ó kú nìyẹn.

Èmi tíṣà físíìsì, mo ti fi ṣájà sí sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta fún bátìrì sẹ́ẹ̀lì méjì rí! N kò tilẹ̀ so wáyà kékeré tó ń ka sẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn. Bátìrì wú bí búrẹ́dì, èéfín kún yàrá. Ọjọ́ yẹn ni Ràmọ́tù ìyàwó mi gba ṣájà lọ́wọ́ mi. Ó ní mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa iná, mo tún fẹ́ fi iná sun ilé ara mi.

Ó wá ìkòkò amọ̀ ńlá kan, ó da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ àtíbàbà ní àgbàlá. Inú rẹ̀ ló ti ń ṣáàjì, òun lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Kì í dìde títí yóò fi parí. Bó ṣe ń wọn aṣọ ló ṣe ń wọn iná.

Ní Jímọ̀ yẹn, mo kírun tán, mo wọ ọkọ̀ trotro lọ sí Tafo láti bá wọn tún pápá ṣe. Nígbà tí mo dé lẹ́yìn Alásàrì, ó ṣì jókòó ti ìkòkò. Mo bi í bóyá kò sí nǹkan. Ó ní ó kàn rẹ òun ni. Kí a tó kírun Màgàríbà, ó ti kú. Dókítà ní ọkàn ni.

N kò lọ sí pápá mọ́. N kò ṣí ìkòkò náà. Mo mọ̀ pé bátìrì kíkún wà níbẹ̀, mo mọ̀ pé á wú, á bàjẹ́. Kí ló dé tí n kò gbé e kúrò? Ọwọ́ rẹ̀ ló kàn án kẹ́yìn. Ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ó di ogójì ọjọ́. A ti ṣe àdúrà, àwọn áfáà ń jẹun ní àgbàlá, àfi bí nǹkan kan ṣe ké! Fíì, fíì, fíì. Ohùn tínrín, tó ń gún etí, láti abẹ́ àtíbàbà.

"Ɛdeɛn ni? Kí nìyẹn?" Maame Yaa tí a jọ ń gbé àgbàlá ti dìde. Áfáà kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka Ayatul-Kurisiyu. Síkírá, àbúrò Ràmọ́tù, di apá mi mú: "Bọ̀ọ̀dá, inú ìkòkò Àǹtí mi ni o! Ẹ má lọ síbẹ̀!"

Mo mọ ohùn náà, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ara mi tutù. Aago bátìrì ni, ohun kékeré kan tó ń fi fóòtì sẹ́ẹ̀lì hàn, tí a ń so mọ́ bátìrì nígbà eré. Tí sẹ́ẹ̀lì bá ń gbẹ, á ké. Ṣùgbọ́n bátìrì kíkún ni mo fi sílẹ̀. Ta ló rọ̀ ọ́ wálẹ̀? Ta ló so aago mọ́ ọn?

Mo ṣí ìdérí. Bátìrì kò wú rárá. Sẹ́ẹ̀lì kìíní wà ní 3.30, ìkejì 3.50. Lórí téèpù, ìlà ti gba orí 4.20 kọjá, wọ́n sì kọ 3.80 sábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ìyàwó mi ni. Òrùka méjì tó gun ara wọn ló fi ń kọ mẹ́jọ.

Ẹ bá mi rò ó. Ó tó wákàtí méjì kí ṣájà wa tó rọ bátìrì kíkún wálẹ̀ débẹ̀. Bí mo ṣe ń tún pápá ṣe fún eré ọ̀la, Ràmọ́tù jókòó sílé, ó ń rọ bátìrì eré náà wálẹ̀. Báwo ló ṣe mọ̀ pé eré kò ní sí? Kí ló dé tí kò pè mí?

Aago yẹn ńkọ́? Díẹ̀díẹ̀ ni aago ń mu iná bátìrì, Ràmọ́tù fúnra rẹ̀ ló máa ń bá mi wí tí mo bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ṣé ó gbàgbé ni, obìnrin tí kì í ṣàṣìṣe? Àbí ó mọ̀ pé n kò ní ṣí ìkòkò àfi tí nǹkan bá pè mí? Físíìsì lè sọ ìdí tó fi ké. Kò lè sọ ìdí tó fi jẹ́ ọjọ́ yẹn.

Síkírá ní kí n gbé e jù sí bọ́là, lórí ààtàn. Maame Yaa ní, "Tíṣà, bu omi sí i!" Omi kẹ̀, Maame? Lítíọ̀mù ni, omi lè mú un gbiná! Tí n bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ kú. Nǹkan tó ṣe fún mi kẹ́yìn, èmi ló máa pa á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú bátìrì yìí, ẹ yọ aago kí ẹ tó gbé e pamọ́, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lórí iná kí ẹ wá jáde. Iṣẹ́ tí ẹnì kejì yín ń bá yín ṣe nínú ilé, ẹ kọ́ ọ nígbà tó ṣì wà láti bá yín wí. Ṣé nǹkan ẹni tó ti lọ ti pe ẹnikẹ́ni nínú yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. N kò ní fi yín ṣẹ̀sín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo jókòó sórí àpótí rẹ̀. Mo yọ aago, mo so wáyà kékeré mọ́ ṣájà, mo yan sẹ́ẹ̀lì méjì. Mo tún wò ó: méjì. Mo fi í sí áńpíà kan péré kó lè rọra. Àwọn àlejò ń lọ, n kò dìde sìn wọ́n. Sẹ́ẹ̀lì kìíní ń lé ìkejì bọ̀. Nígbà tí ṣájà dún, 3.80, 3.80.

Mo fi eyín já téèpù. Ó korò. Mo kọ nọ́ńbà náà, mo lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ tirẹ̀.

Aago ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó wù mí kí n so ó padà, kó lè tún pè mí. Mo gbé e lọ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, mo padà wá, mo dé ìkòkò.